Kí Ẹ Tó Fi Àròkọ Yín Lé Alágbàtà Lọ́wọ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, OkadaBooks kéde pé òun fẹ́ kógbá sílé. Láti ọdún 2013 tí Okechukwu Ofili ti dá a sílẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti ń gbé iṣẹ́ wọn síbẹ̀, tí ẹni tó ní fóònù sì ń rí i rà kà láìjẹ́ pé ó dé ṣọ́ọ̀bù ìwé kankan. Nígbà tí ọgbọ̀njọ́ oṣù náà pé, ó parí. Ẹni tó ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ nílé, tó sì mọ ibi tí òun ti lè rí àwọn òǹkàwé rẹ̀, di ẹrù rẹ̀, ó wá ibòmíràn lọ. Ẹni tí kò ní in ní láti tún ìpìlẹ̀ fi lélẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ tó fẹ́ bá wọn pín àròkọ wọn lórí ayélujára ni pé: ibi mélòó lẹ máa gbé e dé? Ìbéèrè náà dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Èyí tó yẹ kó ṣíwájú ni pé: lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín, tàbí lọ́jọ́ tí ẹ̀yin gan-an bá palẹ̀ mọ́, kí ni mo máa lè gbé dání? Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, orí ìbéèrè yẹn ló dúró lé.

Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ṣakí kò lè wà lóko kó tún jókòó ti iṣu rẹ̀ ní ọjà Mile 12 ní Èkó. Òǹkọ̀wé náà nílò ẹni tí yóò bá a gbé iṣẹ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò lè dé. Kó ṣáà mọ irú alágbàtà tó dúró níwájú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àwọn kan ń gba àròkọ yín sínú ilé tiwọn. Medium wà lára wọn, èyí tí Evan Williams, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Twitter sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2012. LinkedIn náà wà níbẹ̀. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀, àwọn tó ti ń wọlé tọ̀ wọ́n lọ tẹ́lẹ̀ ni yóò sì máa rí iṣẹ́ yín. Àwọn mìíràn ń fi í-meèlì gbé e lọ bá òǹkàwé tààrà. Substack, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù nínú wọn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ìròyìn ni wọ́n ń kó iṣẹ́ fún tàbí ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wọn. News Agency of Nigeria, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1976, ń pín ìròyìn fún àwọn ìwé ìròyìn àti rédíò. AllAfrica ń kó iṣẹ́ àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Áfíríkà jọ sójú kan. APO Group ń gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ àti ìjọba láti gbé ìkéde wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀ròyìn. Irú èyí tó gbẹ̀yìn yìí wà fún ẹni tó ní ọjà tàbí ètò tó fẹ́ kéde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ yín nítorí àròkọ tí ẹ kọ lórí ìsọmọlórúkọ.

Irú kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, ìyẹn àwọn tó ń ṣèlérí pé àwọn yóò gbé àròkọ kan ṣoṣo sí ìkànnì 300 láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n pọ̀ lórí WhatsApp àti Facebook, owó tí wọ́n ń bù kì í sì í ga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí ènìyàn mú. Ẹni tó bá mọ ìtàn iṣẹ́ yìí kò ní dá wọn lóhùn.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ìkànnì kan wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó jẹ́ pé gbígba àròkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni iṣẹ́ wọn: EzineArticles, Associated Content, HubPages, Suite101 àti irú wọn. Oníṣòwò á kọ àròkọ kan, á gbé e sí gbogbo wọn, á sì fi líǹkì ìkànnì tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kò bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni kà á. Ohun tó ń lé ni pé Google máa ń ka líǹkì sí ẹ̀rí. Bí ìkànnì tó tọ́ka sí yín bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ yín níye lórí, tí yóò sì máa gbé yín sókè fún ẹni tó bá ń wá nǹkan. Kò pẹ́ tí àròkọ tí kò ní orí, tí kò ní ìdí, fi kún ilẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń lo ẹ̀rọ láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú àròkọ kan kó lè dà bíi pé ogún ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2011, Google yí bó ṣe ń to èsì rẹ̀ padà. Panda ni wọ́n pe àyípadà náà, Google fúnra rẹ̀ sì sọ pé ó kan nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ìkànnì agbàròkọ ló pàdánù òǹkàwé lójijì. Yahoo, tó ti ra Associated Content ní 2010, yí orúkọ rẹ̀ sí Yahoo Voices, ó sì tì í pa ní 2014. Òǹkọ̀wé tí kò tọ́jú ẹ̀dà kankan pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Google kò sì tíì dẹ̀ láti ìgbà náà: ní oṣù kẹta 2024, ó kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ẹni tó bá ń da àròkọ jáde lọ́pọ̀ yanturu, tó jẹ́ pé láti tan ẹ̀rọ jẹ ló ṣe ń ṣe é, òun lè yọ ọ́ kúrò nínú èsì pátápátá.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bá yín sọ̀rọ̀ ìkànnì 300 lónìí, ẹ béèrè orúkọ mẹ́wàá nínú wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ní orúkọ àti àdírẹ́sì tó ń darí ibẹ̀, bóyá oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àti ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé jọ wà lójú ìwé kan náà. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó yín sápò. Mo gbà pé àròkọ kan tí ọgbọ̀n ènìyàn kà dé ìparí níbi tí wọ́n ti mọ iyì rẹ̀ sàn ju èyí tó wà ní ibi 300 tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Èyí kò wá ní kí àròkọ má ṣe wà ní ju ibì kan lọ. Ó lè wà ní ibi púpọ̀, ètò ló gbà. Ní oṣù kejì 2009, Google, Yahoo àti Microsoft fẹnu kò lórí àmì kan tí wọ́n ń pè ní canonical. Inú ojú ìwé ló ń fara pamọ́ sí. Òǹkàwé kì í rí i, ẹ̀rọ ló ń kà á, ohun tó sì ń sọ fún ẹ̀rọ ni pé ẹ̀dà nìyí, ibi báyìí ni orísun rẹ̀ wà. Bí àmì yìí kò bá sí, Google yóò fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú nínú ẹ̀dà méjì, ìkànnì ńlá ló sì sábà máa ń borí. Ẹ ó máa wá àròkọ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ, ilé ẹlòmíràn ni yóò máa yọ sí yín.

Bí ẹ bá ní ìkànnì tiyín, kódà kó jẹ́ ti ọ̀fẹ́ lórí WordPress.com, ibẹ̀ ni kí àròkọ ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ fún Google ní ọjọ́ díẹ̀ kó rí i níbẹ̀ ná, kí ẹ tó gbé e fún alágbàtà. Medium ní ọ̀nà tí a fi ń kó àròkọ wọlé láti ìkànnì ẹni, yóò sì fi àmì náà sí i láìjẹ́ pé ẹ béèrè. LinkedIn kò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀, ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ gbé sí i, kí ẹ wá fi líǹkì tọ́ka sí ìyókù. Ẹ bi alágbàtà yòówù tó bá tọ̀ yín wá bóyá ó ń tọ́ka sí orísun. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ó ti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ló kàn. A kì í fẹ́ kà á, ó gùn, lẹ́tà rẹ̀ kéré, Gẹ̀ẹ́sì amòfin ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Ó kéré tán, ẹ wá ibi tó ti sọ ẹni tó ni àròkọ, ibi tó ti sọ bóyá ẹ lè fún ẹlòmíràn, àti ibi tó ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá kúrò. Èyí tó wọ́pọ̀, tí kò sì burú, ni pé ẹ̀yin lẹ ṣì ni iṣẹ́ náà, ẹ kàn yọ̀ǹda fún wọn láti gbé e jáde láìsan owó, láìdí yín lọ́wọ́ láti gbé e fún ẹlòmíràn. Èyí tó yẹ kó mú yín dìde kúrò nídìí tábìlì ni èyí tó bá ní àwọn nìkan, títí láé, tí ẹ kò sì gbọdọ̀ gbà á padà.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, wà lẹ́yìn yín nínú èyí. Àròkọ tí ẹ fi làákàyè ara yín kọ ti di tiyín láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì máa jẹ́ ti àrólé yín títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú yín. Òfin náà tún sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ gbé ohun ìní náà lé òun lọ́wọ́, tàbí kí ẹ fún òun nìkan láyè láti lò ó, ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Àsọyé lórí fóònù kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n lè ka ojú ìwé tí ẹ tẹ “mo gbà” sí nígbà tí ẹ ń kánjú mọ́ kíkọ sílẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tó wù mí fún ẹni tó jẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàn kálẹ̀ ló ń fẹ́, tí kò fi owó ṣáájú. The Conversation Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń gbé àròkọ àwọn olùkọ́ fásitì jáde, ó sì fún ìwé ìròyìn yòówù láyè láti gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọn kò bá ṣáà yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, tí wọ́n sì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Global Voices náà ń ṣe irú rẹ̀, ó sì ní ojú ìwé Yorùbá. Creative Commons ni wọ́n ń pe àṣẹ tí wọ́n ń lò. Àròkọ bẹ́ẹ̀ lè rìn láti Èkó dé Jòhánẹ́síbọ̀ọ̀gì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé àṣẹ Creative Commons tí a bá ti fún ènìyàn kò ṣeé gbà padà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló yẹ fún un. Èyí tí ẹ fẹ́ sọ di ìwé títà lọ́la, ẹ mú un kúrò níbẹ̀.

Fún àwa tó ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé, nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kì í rò: àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo; lẹ́tà kan àti àmì ohùn kan ni kọ̀ǹpútà máa ń so pọ̀. Bí fọ́ńtì tí alágbàtà ń lò kò bá mọ bí a ṣe ń so wọ́n, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á lọ gun orí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Ìbànújẹ́ gidi ni fún ẹni tó fi òru ọjọ́ kan to àmì sórí oríkì ìlú rẹ̀ láti rí i bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ fi ìpínrọ̀ kan tó ní ẹ̀, ọ́, ṣ, ǹ, ń àti ḿ nínú ránṣẹ́. Ẹ wò ó lórí fóònù Android olówó pọ́ọ́kú. Ẹ wò ó nínú Opera Mini, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣọ́ dátà lò ní Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ í-meèlì ni, ẹ wo àkọlé rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni àmì ti máa ń dàrú jù.

Àdírẹ́sì ojú ìwé yàtọ̀ sí àkọlé o. Àkọlé gbọ́dọ̀ ní àmì pé. Àdírẹ́sì kò gbọdọ̀ ní in. Ìkànnì mìíràn máa ń sọ gbogbo ẹ̀ àti ọ́ inú àdírẹ́sì di nọ́ńbà rẹpẹtẹ, líǹkì á wá gùn débi tí kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Alágbàtà tó bá jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yín kọ “itan-ogun-kiriji” sínú àdírẹ́sì ti gbà yín lọ́wọ́ wàhálà, pàápàá nítorí pé òǹkàwé tó ń wá ìtàn náà lórí Google kì í sábà fi àmì sí i. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè sọ fún ẹ̀rọ pé èdè Yorùbá ni ẹ fi kọ ọ́. “Yo” ni lẹ́tà méjì tí wọ́n fi mọ èdè wa. Ìkànnì tí kò ní Yorùbá lára àwọn èdè rẹ̀ máa ń pe iṣẹ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń ka nǹkan sí i létí, á wá máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹ̀rọ tó rò pé Gẹ̀ẹ́sì lòun ń kà. Bí ẹ bá sì ń kọ fún àwọn ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ti ń lo ẹ àti ọ. Ẹ dán ìyẹn náà wò.

Nítorí pé Yorùbá ni mo fi ń kọ̀wé ni n kì í fi bẹ́ẹ̀ ka iye òǹkàwé tí alágbàtà bá kà sí mi létí sí. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló ń ka Medium, ṣùgbọ́n mélòó ló gbọ́ Yorùbá nínú wọn? BBC Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2018, Alároyé ti wà lórí àtẹ láti 1996, Àtẹ́lẹwọ́ sì ń gbé ewì àti ìtàn Yorùbá jáde lórí ayélujára. Ẹni tó bá dé irú ibẹ̀ ti mọ ohun tó wá. Bí olóòtú irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ bá gba àròkọ yín, tó sì bá yín tún ibi tó wọ́ ṣe, èrè tí kò sí lọ́dọ̀ ẹ̀rọ kankan nìyẹn.

Ní ti owó, kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Substack ń mú ìdá 10 nínú 100 owó tí òǹkàwé bá san, Stripe tó ń bá a gba owó náà sì ń mú tirẹ̀. Stripe kì í ṣí àkáǹtì tààrà fún ẹni tí báǹkì rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ra Paystack, iléeṣẹ́ ìgbowó ti Nàìjíríà, ní 2020. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè gba owó níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè gba owó. Ohun tó lè ṣe ni kó máa fi Paystack tàbí Selar gba náírà lọ́wọ́ òǹkàwé, kó sì fi iléeṣẹ́ í-meèlì ṣe iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ nìkan. Ẹ tún béèrè iye tí owó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó san án. Ibi tí kì í sanwó àfi tó bá di 100 dọ́là lè gbé owó yín pamọ́ fún ọdún méjì.

Àwọn òǹkàwé gan-an ló ṣòro jù láti gbé dání. Facebook gbé Instant Articles, níbi tí ènìyàn ti ń ka àròkọ nínú Facebook fúnra rẹ̀, kalẹ̀ ní 2015, ó sì kó o kúrò ní 2023. Twitter ra Revue, tó ń fi í-meèlì gbé iṣẹ́ òǹkọ̀wé lọ bá òǹkàwé, ní oṣù kìíní 2021, ó tì í pa ní oṣù kìíní 2023. Mailchimp ti TinyLetter, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, pa ní oṣù kejì 2024. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òǹkọ̀wé tó ń lò wọ́n. Àwọn tó wà lórí Revue àti TinyLetter lè kó orúkọ àti í-meèlì àwọn òǹkàwé wọn jáde, kí wọ́n sì kó wọn lọ sí ibòmíràn láàárín wákàtí kan. Ẹni tó gbára lé Instant Articles kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni WhatsApp Channel rí: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn lè máa tẹ̀ lé yín níbẹ̀, ẹ kò ní rí nọ́ńbà wọn. Kò túmọ̀ sí pé kí a pa WhatsApp tì, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa wà. Ẹ máa fi pè wọ́n, kí ẹ wá máa gba í-meèlì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ yín, kí ẹ sì máa kó àkójọ náà sílẹ̀ lóṣooṣù sínú kọ̀ǹpútà tiyín.

Bí ẹ bá wá yan ẹnì kan, àròkọ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ mú gbólóhùn kan tó ṣàrà ọ̀tọ̀ nínú àròkọ náà, ẹ fi àmì ìfàyọ sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ wá a lórí Google. Ọ̀pọ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wà ni yóò máa yọ, ó sì lè kan ibi tí alágbàtà kò sọ fún yín. Ẹ wò ó bóyá orúkọ yín ṣì wà lórí rẹ̀, bóyá àmì pé, bóyá ó tọ́ka sí orísun. Bí ẹ bá rí i níbi tí ẹ kò yọ̀ǹda, òfin 2022 yẹn fún yín láyè láti kọ ìwé sí ẹni tó ni ìkànnì tàbí iléeṣẹ́ tó gbà á sílé pé kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ sì lè mú ẹjọ́ lọ bá Nigerian Copyright Commission bí wọ́n bá kọ etí dídi sí i. Nínú ìwé náà, ẹ sọ iṣẹ́ tó jẹ́ tiyín, ẹ kọ àdírẹ́sì ojú ìwé tí wọ́n gbé e sí gan-an, ẹ kọ bí wọ́n ṣe lè rí yín, kí ẹ sì fi líǹkì ìkànnì tiyín tì í, níbi tí ọjọ́ tí àròkọ náà kọ́kọ́ jáde ti wà ní kíkọ sílẹ̀.